Bí Mo Ṣe Gbé Akùkọ Lọ Sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n Nítorí Àjọkẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ọdún tí ọmọ mi fẹ́ wọlé fún PhD. Ó ti pẹ́. Àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ṣì wà ní Beyerúnká.

Bí mo bá rántí ọdún náà, ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Ọyẹ́ ọdún yẹn pọ̀! Láàárọ̀, gbogbo òrùlé páànù tó ti dípẹtà, láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, á kàn máa léfòó nínú kùrukùru bí ọkọ̀ ojú omi. Màá máa tẹ mẹ́ṣíìnì mi, màá máa wò wọ́n, títí oorun á fi fẹ́ máa gbé mi lọ. Títí di òní, mi ò lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú èyí tí mo rí àti èyí tí mo lá nínú oṣù yẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ràfíátù ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ ni èmi ń pè é. Ó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Èmi náà kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, nítorí náà nígbà tó jókòó tì mí, tó ní òun ti parí másítà, òun sì ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti wọlé fún PhD nínú saikọ́lọ́jì, mi ò béèrè ohun tí PhD jẹ́. Ohun tí mo béèrè ni pé, irú saikọ́lọ́jì wo?

Ó ní èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ènìyàn. Àwọn tí ìbànújẹ́ ti sé mọ́lé. Àwọn tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó ní òun yóò máa jókòó tì wọ́n ní ọsibítù, òun yóò sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Àyà mi já!

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní àdúgbò wa? Wọ́n ní ẹni tó bá ń tọ́jú wèrè, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ràn án. Ìyá Ṣílífá, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní ọ̀ọ́kán mi, kò tilẹ̀ fi bò rárá. Ó ní, "Ìyá Àjọkẹ́, gbogbo ìwé yìí náà, iṣẹ́ wèrè ló wá já sí? Ta ni yóò wá fẹ́ ẹ báyìí?"

Mo ní kí ó lọ máa ka bọ́tìnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń dún létí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo lá àlá kan. Ọ̀sán gangan ni, orí mẹ́ṣíìnì ni oorun ti gbé mi lọ. Mo rí Àjọkẹ́ tó ń rìn lórí àwọn òrùlé náà, láti Òkè Padre bọ̀ sí apá Mápó, láìwọ bàtà. Ó ru ẹrù. Bó ṣe ń dé orí ilé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan á jáde síta, á gbé nǹkan díẹ̀ kún ẹrù rẹ̀. Kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń kí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Mo fẹ́ pè é kí ó sọ ẹrù kalẹ̀, ohùn mi kò jáde. Nígbà tí mo jí, iwájú orí mi wà lórí aṣọ tí mo ń rán, àmì òwú rẹ̀ sì hàn níbẹ̀.

Kí ni mo tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni léèrè? Ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi. Ẹni tó bá ń gbọ́ ẹkún ènìyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ibo ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí ọmọ tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé wá kọ́ṣẹ́. Ìyá á wá, bàbá á wá, àgbà ilé kan á tẹ̀lé wọn. Wọn á di ọwọ́ ọmọ mú, wọn á fà á lé mi lọ́wọ́, wọn á sì sọ ohun tó yẹ kí n mọ̀ nípa rẹ̀: pé eyín máa ń dùn ún, pé ẹ̀rù ààrá máa ń bà á. Èmi náà á dáhùn pé mo gbà á. Láti ọjọ́ náà, bí abẹ́rẹ́ bá gún un, èmi ni wọn yóò bi léèrè.

Mo wá rò ó. Àjọkẹ́ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tó wúwo ju ìránṣọ lọ, kò sì sí ẹni tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́! Fọ́ọ̀mù ló fi ránṣẹ́! Ṣé fọ́ọ̀mù lè sọ pé ẹ̀rù ààrá ń ba ọmọ?

Mo mọ ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọ ní másítà. Oníbàárà mi ni ìyàwó rẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé bùbá lọ fún un ní Òkè-Àdó. Mo lọ bá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ mi, olórí ilé wa. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó ní, "Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀, èyí nìkan ló mọ́gbọ́n dání."

A kò sọ fún Àjọkẹ́.

Ní ọjọ́ Sunday, a wọ táksí ní Bẹẹrẹ, a gbé iṣu àti akùkọ ńlá kan dání. Dírẹ́fà ní tí akùkọ yẹn bá yàgbẹ́ sórí ìjókòó òun, Àlàájì ni yóò fọ̀ ọ́. Àlàájì ní akùkọ àwọn ní ẹ̀kọ́ ilé ju dírẹ́fà lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ka ìwé ìròyìn nígbà tí a wọlé. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì, ó ní kí a jókòó. Àlàájì tún agbádá ṣe, ó bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ wa rèé o. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbí. A fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́ ọ, ẹ má fi ìkankan pamọ́. Bó bá sì ṣe agídí, ẹ nà án!"

Mo fi ìgúnpá tọ́ ọ. Ọmọ tó ti gba másítà! Ibẹ̀ ni akùkọ ti kọ lábẹ́ tábìlì. Àlàájì ní, "Ẹ gbọ́, òun náà ṣe àmín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá kan èmi. Mo sọ fún un pé láti kékeré, bí wọ́n bá na ọmọ ẹlòmíràn nínú ilé wa, ara Àjọkẹ́ ló máa ń gbóná. Mo ní kì í sọ tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá bi í ní ohun tó gbé mi dé ilé rẹ̀: bí ọmọ mi bá ń gbọ́ ti gbogbo ayé, ta ni yóò máa gbọ́ tirẹ̀?

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ìyá tirẹ̀. Ó ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ku ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní àyè kò pọ̀, àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Òun wà lára àwọn tí yóò yàn wọ́n, òun sì nìkan ló mọ iṣẹ́ Àjọkẹ́ dáadáa níbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ ti wá bá mi nílé báyìí, Ìyá, ẹ sì gbé ẹrù wá. Mi ò lè jókòó níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, tó bá wọlé, wọn á ní iṣu ló gbé e wọlé."

Àlàájì fẹ́ bínú. "Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kẹ̀? Iṣu ìkíni yìí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun mọ̀ pé kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ṣì máa sọ fún àwọn yòókù pé a wá. Ó bá wa gbé iṣu padà sínú táksí fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni mo gbé akùkọ lé itan bọ̀ wálé. Kùrukùru bo títì, ó ń ṣe mí bí ẹni pé táksí náà kò kan ilẹ̀. Mo rò pé mo ti ba ayé ọmọ mi jẹ́.

Àjọkẹ́ ń lọ aṣọ nígbà tí mo sọ fún un. Ó gbé ayọ́ọ̀nù dúró. Ó ní, "Màmá." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ mí níbẹ̀ lẹ lọ yọ kúrò yẹn."

Ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó wọlé, ó bi mí pé kí ni mo tilẹ̀ bá wọn sọ. Mo rò ó fún un pátá, títí dórí ìbéèrè yẹn. Ó ní kí n tún ìbéèrè náà sọ. Mo tún un sọ. Ó wò mí lójú, ó padà sídìí ayọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo wọ aṣọ tí mo rán fún un sí i lọ́rùn. Búlúù ni, ọrùn rẹ̀ ṣe róbótó. Mo mọ ìwọ̀n ọmọ mi lórí bí mo ṣe mọ orúkọ mi, síbẹ̀ èjìká aṣọ náà ṣò. Ó ti rù! Mo ń fi abẹ́rẹ́ fà á wọlé. Ó ní, "Ẹ má tẹ̀lé mi o. Ẹ má sì rán Àlàájì o."

Ta ló lè ránṣọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Mo gòkè Mápó lọ, mo dúró síwájú gbọ̀ngàn, mo ń wo ìlú. Òrùlé, kùrukùru, èéfín ìdáná, ohùn àwọn tó ń ná ọjà nísàlẹ̀ bí ẹni pé inú omi ni wọ́n wà. Mo ń wá ẹni tó ru ẹrù. Mi ò mọ ìgbà tí oòrùn yí. Ẹnì kan ló fọwọ́ kan èjìká mi, mo yíjú, aṣọ búlúù ni mo rí.

Ó ní wọ́n bi òun léèrè ìdí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fi sí níjòókòó. Ó ní òun kò fi nǹkan kan pamọ́. Òun sọ fún wọn pé ìyá òun ló gbé akùkọ lọ fún un, pé nílé àwọn, a kì í kọ́ṣẹ́ láìfa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun wá sọ fún wọn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn àwọn náà ti ń wá. Pé kò sí èyí tó dá wá nínú wọn. Ìyá aláìsàn wà níta, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà níta, wọ́n di nǹkan dání, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Bí a kò bá mọ bí a ṣe ń gba àwọn ará ìta wọ̀nyẹn, kí la fẹ́ ṣe fún ẹni tó wà nínú ilé?

Mo bi í pé ṣé wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó ní rárá o.

Ọyẹ́ ti ń lọ nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde. Ó wọlé! Àlàájì ní kí a pa akùkọ, èmi ni mo kọ̀, mo ní ẹrù Ọ̀jọ̀gbọ́n ni.

Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbójú sókè lórí mẹ́ṣíìnì, mo rí Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá Ṣílífá da bọ́tìnì sílẹ̀ níbi tó ti ń yọjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ní, "Ìyá, nígbà tí ẹ wá, mi ò tíì ní ẹ̀tọ́ láti gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Àwọn yòókù ló yàn án. Ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí. Ẹ wá fà á lé mi lọ́wọ́ bó ṣe yẹ."

Ó ní òun kò gbàgbé ìbéèrè mi. Ó ní ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní àgbà kan tó ń jókòó tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń sọ ohun tó gbọ́ àti bó ṣe rí lára rẹ̀ fún. "Èmi náà ní tèmi títí dòní. Kò ní dá ẹrù náà rù, Ìyá."

Ẹrù! Mi ò sọ àlá mi fún ọkùnrin yìí rí!

Wọ́n pe Àlàájì àti Àjọkẹ́. Mo di ọwọ́ Àjọkẹ́ mú, mo gbé e lé ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo fẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí máa ń sọ fún mi, ohùn mi kò jáde, gẹ́gẹ́ bíi ti ojú àlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Mo gbà á." Àjọkẹ́ wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Màmá, ọwọ́ mi."

Mo wo ilẹ̀. Èmi ni mo ṣì di í mú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò yára. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ àwa méjèèjì, títí mo fi tú àwọn ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé akùkọ òun dà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la jẹ ẹ́!

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ọ̀rọ̀ ìfàlénilọ́wọ́ kò ṣòro fún òbí láti sọ, ọwọ́ ló ṣòro láti tú. Ẹ máa bi àwọn ọ̀gá ọmọ yín ní ìbéèrè, kódà bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ìwé tí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dáhùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló fà yín lé ọ̀gá lọ́wọ́, kí ni wọ́n sì sọ nípa yín lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin òbí, báwo lẹ ṣe tú ọwọ́ tiyín? Ẹ sọ ọ́ fún wa. Mo jókòó, mo ń gbọ́.