Ẹja Tó Ní Orí Ejò

Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí gbogbo ayé ń tò síwájú báǹkì, ni oyún ìyá rẹ wà nínú mi. Ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Nyanya la wà nígbà náà, láàárín àwọn tó ń kọ́ Abuja. Káfíńtà ni bàbá àgbà rẹ. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára mi ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ mi fi wá láti apá Kábà, kó lè máa ṣọ́ mi.

Ní ìdílé wọn, wọn kì í jẹ ejò. Ìyàwó tó bá sè é, ilé bàbá rẹ̀ ló ń lọ títí wọn yóò fi ṣe ètùtù.

Lọ́jọ́ náà, mo ra ẹja dídì nídìí ọkọ̀ tó ti Èkó wá. Yìnyín bo orí rẹ̀, ó sì le bí òkúta. Ọkọ mi fi àdá gé e sí méjì. Mo se ìdajì. Kò ní ìpẹ́, mo ṣáà rò pé àrọ̀ ni. A jẹun tán, mo lọ wo ìdajì kejì nínú bàsíà. Yìnyín ti yọ́. Orí kan ló yọ síta, ẹnu rẹ̀ yà gbàgà, eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó, ara rẹ̀ kún fún àmì bíi ti erè.

Mo lọgun.

"Kai!" ni ọkọ mi ké.

Ìyá ọkọ mi wo bàsíà, ó wo ikùn mi. "Ìyàwó, o ti fún wa ní ejò jẹ. Di ẹrù rẹ."

Oyún oṣù mẹ́jọ, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja tó rí gbágungbàgun, títí dé ilé bàbá mi! Ọkọ mi ń bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo ti ń ká aṣọ nígbà tí obìnrin Ìlàjẹ kan, ará etí òkun, tó wà ní yàrá kejì sáré wọlé nítorí igbe mi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará òkè yìí! Ẹja òkun ni, inú ihò àpáta ló ń gbé."

"Ẹja wo ni kò ní ìpẹ́?" ni ìyá ọkọ mi bi í.

"Ìyá, àrọ̀ tí ẹ̀ ń jẹ ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan tọ ẹ̀yìn nǹkan náà láti orí. Lẹ́bẹ́ rírọ̀ kan ń dìde tẹ̀lé ìka rẹ̀, títí dé ibi tí àdá gé e dé.

"Ejò kì í ní lẹ́bẹ́," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó yíjú sí mi. "Kí lò ń ká aṣọ fún? Lọ se èyí tó kù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gé orí burúkú yẹn jù nù."

Nígbà tí ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ tó ẹni tó ń dáná, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé: ẹja tí ẹ kò bá rí lódindi, ẹ má gbé e kaná.