Kí O Tó Pa Iná

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ọwọ́ mi ṣì ń wọ inú gíláàsì àtùpà, èmi ni alákòóso iná nílé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún. Oyè ńlá ni lójú mi. Bí a bá ti ilé ìwé dé, tí a jẹun tán, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á gba odò lọ láti pọnmi, èmi á sì kó àtùpà mẹ́ta jáde sí ẹ̀yìnkùlé: méjì onígíláàsì, àti ọ̀kan tí wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe, èyí tó ń wà ní ilé ìdáná. Ìyá mi á ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó yá, ọlọ́wọ́ kékeré, iṣẹ́ ń pè ọ́." Mo gbà tọkàntọkàn pé bí mi ò bá sí nílé, inú òkùnkùn ni gbogbo wọn ì bá máa jẹun.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò náà, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Eérú kíkúnná díẹ̀, àkísà tó ti rọ̀, àti èémí ẹni. Ẹ ó mí hàà sínú gíláàsì náà kí ara rẹ̀ lè tutù, ẹ ó ti àkísà bọ̀ ọ́ nínú, ẹ ó sì máa yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí èéfín àná yóò fi kúrò. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi àlòkù abẹ gé orí òwú tó ti jóná kí ó lè tẹ́jú, nítorí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, iná á yọ ìwo, gíláàsì á sì tún ti dúdú kí a tó kírun Ìṣáì. Òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ń jẹ iyán àti ọbẹ̀ ìṣápá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í fẹ́ bá mi jẹun nínú abọ́ kan. Èmi ni mo jèrè rẹ̀. Wọ́n á bu tèmi sọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá mi du ẹran.

Télọ̀ ni bàbá mi. Kì í lo aago láti fi jẹ wá níyà, aṣọ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kéré, wàá kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri, wàá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí wọn yóò fi rán àpò kan mọ́ aṣọ. Bí ó bá tóbi, odindi bùbá ni, tọrùn tọrùn. Ẹ̀gbọ́n mi Rájì nìkan ló jẹ ìyà ṣòkòtò rí, ó sì máa ń fi yangàn. Èmi jẹ ti bùbá nígbà tí mo fi gíláàsì àtùpà ṣe fèrè, tí ó bọ́ lọ́wọ́ mi, tí ó fọ́, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mélòó kan, tí aṣọ àwọn oníbàárà kún ilẹ̀. Ọwọ́ mi wà lókè, mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ń sáré, mo sì ń gbàdúrà kí òwú má já mọ́ bàbá mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n alẹ́ dùn nílé wa. A ó jókòó yí àtùpà ká pẹ̀lú wàláà wa, a ó máa ké ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú, bí àwọn àgbà bá sì ti yíjú, a ó fi ọwọ́ ya ehoro àti ewúrẹ́ sára ògiri pẹ̀lú òjìji. Lásìkò òjò, tí ìkán abìyẹ́ bá tú jáde, a ó gbé abọ́ omi sí abẹ́ iná, wọ́n á máa já sínú rẹ̀ pọ́tọ́pọ́tọ́. Ìyá mi á fi iyọ̀ yan wọ́n. Mi ò tíì rí ohun tó dùn tó o títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú àwọn ọmọ mi tó gbà mí gbọ́.

Ìgbà kan wá dé tí kẹrosíìnì wọ́n. Bàbá mi pè mí, ó ní, "Àtùpà tí o bá rí tí ó ń jó níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí, pa á." Àṣẹ ti dé! Mo di ọlọ́pàá. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá tó bí ìyá mi kú ní Òkè-Ìlá. Ìyá mi lọ síbi ìsìnkú, ó sì padà dé. Àwọn ará àdúgbò wá kí i títí, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Mo yọjú sí yàrá rẹ̀. Àtùpà ń jó lórí àpótí. Mi ò rí ẹnì kankan tó mira. Mo yí òwú sílẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ pa.

Ohùn kan jáde láti inú òkùnkùn náà, kò le, kò sì bínú. Ó ní, "Mo wà níbí."

Orí ẹní ni ìyá mi jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Òjìji àpótí bò ó, kò sì mira rárá, débi pé ojú mi ti fò ó. Mo ti ń ronú pé ẹ̀ṣẹ̀ yìí kọjá ṣòkòtò, pé agbádá ni yóò jẹ́, bí bàbá mi bá sì lọ rán agbádá, ilẹ̀ yóò mọ́ bá mi lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ fà mí jókòó tì í. Ó ní, "Má rò pé ẹni tí kò bá mira kò sí níbẹ̀. Kí o tó pa iná, béèrè ẹni tó wà níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ó di òfin fún mi. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó fọwọ́ kan àtùpà, màá ní, "Ta ló wà níbẹ̀?" Bí ẹnì kan bá ní, "Èmi ni," mo ti kọjá. Rájì máa ń dáhùn pé, "Ewúrẹ́ ni," á sì ké mẹ̀ẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní pa á.

Nígbà tí mo gbé ìyàwó, mo gbé àṣà yìí dání. Iná mọ̀nàmọ́ná ti dé nígbà náà, súwíìṣì ló wà lára ògiri, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ pa gílóòbù láìbéèrè. Ìyàwó mi, Ìyá Sìdí, kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni kò ríran. Ó ní, "Àwa méjì la wà nínú ilé yìí. Bí kò bá ṣe èmi, ta lẹ fẹ́ kó jẹ́?" Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di eré. Bí mo bá ti béèrè, á ní, "Olè ni. Ẹ fi iná sílẹ̀ kí n ríran kó ẹrù." Èmi náà á ní kó má gbàgbé láti kó mi mọ́ ọn. Ó lé ní ogójì ọdún tí a fi ṣe é, kò sì sú wa.

Ní ọdún tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó ṣubú nígbà tó ń fọwọ́ tá ògiri wá súwíìṣì. Àkọ́bí wa, Sìdíkátù, tó ń gbé ní Òṣogbo, mú oníṣẹ́ iná wá. Gílóòbù tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń gbóná débi pé èèyàn lè fi yá ọwọ́ lásìkò ọyẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní LED yìí kì í gbóná, iná tó ń lò kò sì tó nǹkan, débi pé sólà kékeré kan lórí òrùlé tó gbogbo ilé. Láti orí fóònù ni Sìdí ti ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, láti funfun báláú títí dé pípọ́n bí ọsàn. Ìyá Sìdí ní, "Fi ti àtùpà sí i fún bàbá rẹ, kí àárò ilé wọn má baà pa wọ́n." Wọ́n wá fi ojú kékeré kan, tí kò ju ilẹ̀kẹ̀ lọ, sí àjà pálọ̀. Bí ojú yẹn bá rí ẹni tó mira, iná á tàn. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí kò rí ẹnikẹ́ni, iná á kú fúnra rẹ̀.

Inú ìyàwó mi dùn. Ó ní iná náà mọ ìrìn òun jù mí lọ. Èmi ló ká lára díẹ̀, nítorí wọ́n ti gba iṣẹ́ mi. Bí ó bá wà ní pálọ̀, iná kì í kú, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi: bí kò bá máa bó ẹ̀gúsí, á máa fa tẹ̀súbáà. Bí ó bá jáde lọ ṣe àlùwàlá nìkan ni iná máa ń kú mọ́ mi lórí bí mo ṣe ń kàwé, màá sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ó lè rí mi. Á bá mi bẹ́ẹ̀, á sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Sìdí, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ tún ṣẹ̀? Ti bùbá ni àbí ti ṣòkòtò?"

Ó di oṣù mẹ́jọ tí Ìyá Sìdí ti lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere.

Mo wá rí i pé èmi kì í mira púpọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn Mọ̀gáríbì, iná kú mọ́ mi lórí. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé ọwọ́ kan ṣoṣo sókè, ó ti tó. Mi ò gbé e. Mo jókòó síbẹ̀. Sìdí, tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi, ló gbé oúnjẹ wọlé, iná tàn fún un, ó sì bá mi lórí àga. Àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá! Ṣé ibí lẹ wà látàárọ̀?"

Ó ní lọ́la ni òun máa pe oníṣẹ́ iná kí ó wá yọ ojú náà kúrò. Mo ní kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Mo ní, "Ìyá rẹ ló fẹ́ ẹ níbẹ̀."

"Màámi ò ní kí ẹ máa jókòó sínú òkùnkùn. Bí ẹ ò bá jẹ́ kí n yọ ọ́, ẹ ó tẹ̀lé mi lọ sí Òṣogbo ni. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ báyìí."

Orí ọ̀rọ̀ yìí la wà títí ọjọ́ tí yóò lọ fi ku ọ̀la. Èmi ò fẹ́ kúrò nínú ilé tí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ kọ́, n ò sì fẹ́ kí wọ́n yọ ohun tó dùn mọ́ ọn nínú. Òun náà kò lè lọ. Níkẹyìn ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, àti ti àtùpà tí mo pa. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ "Ta ló wà níbẹ̀?" lẹ́nu mi, ó sì rò pé àwàdà ni. Kò mọ ibi tó ti wá. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Bàbá. Mo rò pé iná náà ṣeé kọ́."

Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó ní bí àsìkò bá pé báyìí, iná kò ní kú lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Yóò kọ́kọ́ rẹlẹ̀, yóò dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá mira, yóò padà sípò.

Mo ní, "Kí ló ń dúró dè?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni. Ó ń béèrè."

Ó fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi ń tẹ nǹkan mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo dá a padà fún un. Mo ní t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ Òṣogbo, èmi sì dúró sílé mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi: iná ìsinsìnyí sàn ju tiwa lọ. Kò ní èéfín, kò ní òórùn, ọmọ kankan kò sì ní kúnlẹ̀ mọ́ nítorí gíláàsì. Láyé tiwa, èèyàn ló ń tọ́jú iná, bí iná bá sì fẹ́ kú, èèyàn ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń béèrè. Nísinsìnyí, bí mo bá jókòó pẹ́ nírọ̀lẹ́, tí mi ò mira, iná tó wà lókè á rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á pọ́n bí òwú àtùpà tí wọ́n yí sílẹ̀, á sì dúró. Mo máa ń gbé ọwọ́ sókè. Bí kò bá sí àlejò nítòsí tí yóò rò pé orí mi ti dàrú, mo tún máa ń dá a lóhùn.

Èmi ni. Mo wà níbí.