Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Wọ́n Fi Egungun Òkú Kọ́

Láti kékeré ni nǹkan ti máa ń tètè rí mi lára. Bóyá torí pé Sabon Gari ní Kano ni wọ́n bí mi sí ni, tí gọ́tà iwájú ilé wa ní Ibo Road kì í gbẹ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rí mi lára jù nígbà náà kì í ṣe gọ́tà. Ọwọ́ Màámi ni.

Màámi wà lára àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sáláṣí wa. Bí obìnrin kan bá kú láàárín àwa Yorùbá tó wà ládùúgbò, wọ́n á wá pè é, á ti ṣọ́ọ̀bù, á mú aṣọ funfun àti kánfọ̀, ó di ibẹ̀. Tó bá padà dé, á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, á sì wọ kíṣìnì lọ ro túwó. Èmi kì í jẹ ẹ́. Màá purọ́ pé inú ń run mí, màá sì yọ́ jáde lọ ra másà lọ́wọ́ obìnrin Hausa kan ní ìkóríta. Màámi mọ̀. Kò bá mi wí rí.

Nígbà tí mo ti gbé ní Pọ́túgà fún ọdún mélòó kan, mo ránṣẹ́ pè é. Mo ní kó wá gbafẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níkùn mi ni pé kó má padà mọ́. Bàbá mi ti kú, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, èmi nìkan ló sì bí. Òun náà mọ ohun tí mo fẹ́. Ó ní òun máa kọ́kọ́ wo ibẹ̀ ná.

Mo wá mú un lọ sí ìlú àtijọ́ kan tí odi yí ká, torí gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Màámi wo odi náà sókè sódò.

"Haba! Ṣé torí ganuwa, odi ìlú lásán, la ṣe wọ bọ́ọ̀sì láti àárọ̀? Ti Kano ò tó ẹ wò ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi, torí ìlú ọ̀hún ń rùn. Òórùn ìtọ̀ ń ta sí wa nímú ní gbogbo ọ̀nà tóóró. Ẹyẹlé ti ṣu bo orí àwọn ère wọn. Ní ìta ilé oúnjẹ kan, àwọn èèyàn ń fi igi ìtayín yọ ìgbín wẹ́wẹ́ jẹ, èyí tó máa ń rá lára ògiri lẹ́yìn òjò, wọ́n sì ń mu omi rẹ̀ lé e. Mo yíjú kúrò.

Fóònù mi ló sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí àlejò má rí. Mi ò ka ìyókù. A ti wọlé tán kí n tó rí i pé egungun èèyàn ni wọ́n fi ṣe ògiri: agbárí lórí agbárí, egungun itan tí wọ́n tò bí igi ìdáná, sìmẹ́ǹtì láàárín wọn. Ọmọbìnrin kan na fóònù sókè, ó yọ ahọ́n síta, ó ń ya ara rẹ̀ pẹ̀lú agbárí kan. Mo kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n Màámi kí wọn. "Assalamu alaikum, ẹ̀yin ará sàréè." Ó sún mọ́ ògiri, ó ń wò ó bí télọ̀ ṣe ń wo aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán bà jẹ́. "Subhanallahi, wọn ò bò wọ́n. Obìnrin á wà nínú wọn o. Gbogbo ayé wá ń wo ìhòòhò wọn."

A jáde, a jókòó síbi tí òòrùn ò dé. Màámi kọjú sí mi.

"Tí obìnrin wa bá kú níbí, ta ní ń wẹ̀ ẹ́?"

"Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń bá èèyàn ṣe é, mà."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Tóò. Tí mo bá wá jókòó tì ẹ́ níbí, tí ọjọ́ mi bá pé, ọmọ mi obìnrin ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù. Ṣé wàá lè wẹ̀ mí?"

Ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú inú mi: omi, ọṣẹ, ara rẹ̀ tó ti tutù lábẹ́ ọwọ́ mi. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti yíjú, mo ti tutọ́ sílẹ̀.

Kò sí ohun tí mo rí ní ìlú yẹn tó rí mi lára tó ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo ní kì í ṣe òun, pé ìgbín yẹn ló ń rí mi lára. Màámi ń gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Má da ara rẹ láàmú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣe é." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Dá mi padà sí Sabon Gari, ọmọ mi. Àwọn tí kò ní tutọ́ wà níbẹ̀."