Fóònù Kẹ́hìndé Tó Wà Nínú Agolo Mi

Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ẹnu ìṣájà fóònù kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin ẹlẹ́ja ló ni fóònù ọ̀hún, ìpẹ́ ẹja sì ti há sí ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀. Mo ti yọ díẹ̀ níbẹ̀, mo ń wá èyí tó kù, nígbà tí Kẹ́hìndé báábà sọdá títì láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, tó gbé fóònù ńlá rẹ̀ ka orí tábìlì mi, tó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí ló ṣe é?" Ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà nìyẹn.

"Kò ṣe nǹkan kan, Àǹtí Sìdí. Èmi ni nǹkan ṣe."

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ fóònù. Nígbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo sì lọ́kọ, abẹ́ agboòrùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráńdábaòtù Ìkòtún. Nígbà náà, ẹni tó ní fóònù kò pọ̀. Àwọn èèyàn á wá, màá bá wọn tẹ nọ́ńbà, wọ́n á sọ̀rọ̀, èmi á máa wo aago. Àwọn kan máa ń pariwo bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ohùn wọn fẹ́ fi rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó yá, kálukú ra tirẹ̀, agboòrùn mi wá di ohun tó ń ṣíji bo èmi nìkan. Mo ká a, mo lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú.

Ọ̀gá Múfú kọ́ mi pé fóònù tí kò bá tàn, ó lè jẹ́ pé ó dákú, ó sì lè jẹ́ pé ó kú. Èyí tó dákú, èémí ṣì wà nínú rẹ̀, bátìrì tàbí ẹnu ìṣájà ló ń dà á láàmú. Èyí tó kú, inú rẹ̀ ló ti jó. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé fóònù rẹ̀ ti kú títí wàá fi tú u wò. Mo ti rí àgbàlagbà tó sunkún lórí èyí tó kàn dákú." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kejì ni pé fóònù kì í purọ́, ẹni tó ni ín ló ń purọ́. Òótọ́ sì ni. Kò sí oníbàárà tó gbà rí pé omi kan fóònù òun. Ìyá kan búra fún mi pé tirẹ̀ kò dé ilé ìdáná rí. Mo tú u, mo bá ẹ̀gúsí níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní bóyá ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe fóònù náà ló ti wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Kẹ́hìndé sọ pé òun ni nǹkan ṣe, òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó máa sọ òótọ́ kí n tó tú nǹkan kan.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi kọjú síra ní Ìgàndó. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká nídìí irun, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ra fóònù ńlá yẹn, ẹyọ ojú kan ló kù fún orí oníbàárà. Ojú kejì wà nínú gúrúùpù àwọn tí wọ́n jọ kàwé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tó wá bá mi, bàbá ìyàwó rẹ̀, Àlàájì kan tó ń ta pákó ní Àgbàdo, wá fá orí kó tó lọ kírun. Àlàájì jókòó, ó sùn lọ. Kẹ́hìndé gbé fóònù ti dígí, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Nínú gúrúùpù, wọ́n ń jà lórí ẹni tó jẹ ẹran tó ṣẹ́kù nígbà ayẹyẹ ìdágbére wọn, wọ́n sì dárúkọ Kẹ́hìndé. Ó pa kílípà, ó gbé fóònù, ó kọ èsì gígùn. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó bu páúdà sí ọrùn àna rẹ̀, ó ká aṣọ ìbora kúrò, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ewu."

Àlàájì dé fìlà, ó lọ. Ìdí àlùwàlá ló wà kó tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ tútù pa orí, ọwọ́ ń yọ̀ lọ geere, àfi bó ṣe wọ igbó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í bóyá ẹ̀jẹ́ ni.

Kò padà wá kí wọ́n parí rẹ̀. Ilé Kẹ́hìndé ló gbà lọ tààrà, ó kó Rísì ọmọ rẹ̀ àti Háwáwù ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí Àgbàdo. Ó ní ẹni tí kò lè fá orí kan délẹ̀ kò lè tọ́ ọmọ dàgbà. Ó ní báábà kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdajì tó kù, torí ẹ̀rí ni. Nígbà tí apá tó dán bá hù bá apá kejì dọ́gba, kí Kẹ́hìndé wá fá gbogbo rẹ̀ lójú òun. Bí ojú rẹ̀ bá tún lọ sára fóònù, Rísì di ará Àgbàdo nìyẹn.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Apá òsì kò ní dúró de apá ọ̀tún. Bí èyí ṣe ń hù ni ìyẹn náà á máa hù, wọn ò sì ní dọ́gba láyé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ sọ ìyẹn fún Àlàájì?

Kẹ́hìndé ní, "Ẹ bá mi gba fóònù yìí, kí ẹ fún mi ní tọ́ọ̀ṣì."

Tọ́ọ̀ṣì ni a ń pe fóònù kékeré onínọ́ńbà tó ní iná lórí. Kò mọ̀ ju kó pe èèyàn, kí èèyàn sì pè é. Bó bá já bọ́, ilẹ̀ ni kí ẹ kí kú ewu. Mo yọ síìmù rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀kan. Wọ́n ti gé síìmù náà kéré nítorí fóònù ńlá, mo sì ní láti wá férémù sí i kó má baà máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ilé tuntun rẹ̀.

Ó ní, "Ó ku nǹkan kan. Bí mo bá wá béèrè rẹ̀, ẹ má fún mi."

"Bó o bá sunkún ńkọ́?"

"Ẹ má fún mi."

"Bó o bá ní ọlọ́pàá ló ní kó o wá gbà á?"

"Àǹtí Sìdí, bí mo bá wá, kì í ṣe èmi ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo pa fóònù náà, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú agolo mílíìkì tí mo ń kó súkúrúù sí.

Ohun tó tẹ̀lé e kò dára láti wò. Kẹ́hìndé á mú tọ́ọ̀ṣì, á fi àtàǹpàkò ti ojú rẹ̀ sókè, ojú náà kò ní lọ ibì kankan. Ó gẹ irun oníbàárà kan tán, ó fi àtàǹpàkò ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà sókè bí ẹni tó ń wá ohun tó kàn. Ọkùnrin náà rò pé ara iṣẹ́ ni, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí i. Lójoojúmọ́ ló ń pe Rísì pé, "Báwo ni orí Bàbá?" Rísì á ní ó ti ń hù. Ọ̀rọ̀ náà kárí àdúgbò. Bí èèyàn bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kì í béèrè ilé, kì í béèrè ọ̀nà. "Báwo ni orí?" ni wọ́n fi ń kí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dé iwájú mi pẹ̀lú awò dúdú lójú. Agbádá tó wọ̀ ju ara rẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ aránṣọ ṣì wà lẹ́nu ọrùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ò mọ̀ mí. Èmi ni Táíwò, ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé. Mo ti bá a wí, mo ní kó jẹ́ kí n wá bá a gba fóònù rẹ̀."

Páúdà wà ní ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. N kò sọ ìyẹn. Ohun tó dùn mí ló wà lẹ́nu mi.

"Táíwò, ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni mo kọ́kọ́ wáyé."

"Ó dáa. Ta ló rán ẹ wáyé?"

Ó fọwọ́ ti awò rẹ̀ sókè. Ọmọ kékeré ilẹ̀ yìí mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò kó lọ tọ́ ayé wò, àbúrò ni wọ́n sì ń rán níṣẹ́. Láti kékeré ni Kẹ́hìndé ti ń mú ẹran ṣáájú ìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó rò pé ẹnu ẹ̀gbọ́n ló máa tólẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sì gbàgbé ẹni tó ni ipò náà.

Mo ní, "Kẹ́hìndé, o fẹ́ fi ipò ẹ̀gbọ́n ra fóònù."

Ó bọ́ awò. "Ẹ ò ṣá ní sọ fún Táíwò?"

"Ṣé Táíwò kan wà lóòótọ́?"

"Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo ní kó lọ dá agbádá aránṣọ padà.

Nígbà tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí Iléyá dé, mo tún gbọ́ ohùn kan náà lókè orí mi. "Ẹ káàsán, mà. Èmi ni Táíwò." N kò gbójú sókè, mo ń fi irin ìjóná lẹ wáyà kan mọ́ inú fóònù.

"O káàbọ̀. Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Kẹ́hìndé ni, mà."

"O ti gbọ́n sí i. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

"Iṣẹ́ wo, mà? Ilé ni mo ti ń bọ̀. Kẹ́hìndé kò sí lónláìnì mọ́. Gbogbo ilé ti ń sunkún. Bàbá wa ní kí n máa wá a láti mọ́ṣúárì kan dé èkejì. Ọmọ kan tí mo bá lójú títì ní fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín."

"Kẹ́hìndé, jọ̀ọ́."

"Táíwò ni mí, mà."

"Lọ́jọ́sí náà, Táíwò ni ẹ́."

Ó bú sẹ́kún. Mo wo omijé rẹ̀, mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí ti mọ iṣẹ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ́hìndé ni, pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì, mo gbé irin ìjóná sílẹ̀ kí n má baà jó ara mi.

Wọ́n dì mọ́ra wọn. Kẹ́hìndé ní, "Ṣé ẹ ò ní nọ́ńbà mi ni? Ẹ ò bá pè mí."

Táíwò nu ojú. "Ta ló tún ń pe èèyàn?"

Mo bẹ Táíwò, ó ní kò sí wàhálà. Ó wá fa fóònù ńlá tirẹ̀ yọ, kó lè ya fọ́tò ìkejì rẹ̀ ránṣẹ́ sílé pé ó wà láàyè. Ọrùn Kẹ́hìndé gùn bí ti alábahun. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀. Mo dúró kí Táíwò ránṣẹ́ náà tán, mo sì na ọwọ́.

"Gbé e wá."

"Mà, ìyàwó mi kọ́ ni wọ́n kó lọ."

"Ojú kan náà lẹ ní. Gbé e wá."

Ó gbé e fún mi. Ó di méjì nínú agolo.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ kan, Àlàájì fúnra rẹ̀ dé. Irun náà kò dọ́gba, bí mo ṣe rò ó, ṣùgbọ́n kò lè gbé orí alájà méjì lọ sí yídì. Rísì tẹ̀lé e, Háwáwù wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù rẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò tíì pa iná. Àlàájì ránṣẹ́ pè mí kí n wá jókòó ṣe ẹlẹ́rìí, kí n sì gbé agolo dání. Ó ṣí fìlà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kẹ́hìndé dojú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bolẹ̀, ó tan kílípà. Ó fá apá ọ̀tún, ó dé ààlà. Ni orí náà bá mì. Ó gbé kílípà sókè, ó dúró, ó gbé e padà, orí tún mì. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i pé nǹkan ń tàn lábẹ́ aṣọ ìbora. Fóònù ńlá Rísì ló wà lọ́wọ́ Àlàájì. Àgbò Iléyá kan ló ń lé ẹni tó rà á káàkiri ọgbà nínú fídíò tó ń wò, Àlàájì sì ń rẹ́rìn-ín láìla ẹnu.

Rísì sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Láti ọjọ́ tí mo ti dé Àgbàdo ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi."

Kẹ́hìndé pa kílípà. Bó bá ń fá a lọ, yóò ṣá orí àna rẹ̀. Bó bá dúró níbẹ̀, ìdajì náà tún ni. Bó bá sì sọ̀rọ̀, kẹ̀kẹ́ tó wà níta mọ ọ̀nà Àgbàdo. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Orí yín ò dúró."

"Fá a bó ṣe ń mì."

"Mi ò lè fá a bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí Sìdí bá yín mú un dání."

Àlàájì wò mí. Mo ṣí agolo. Ó tún wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀, ó dúró kí àgbò náà fi ìwo kan ọkùnrin yẹn, kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, orí dúró bí òkúta. Nígbà tí Kẹ́hìndé parí, Àlàájì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti iwájú dé ìpàkọ́, láti ọ̀tún dé òsì. Kò pàdé igbó kankan.

Ó ní, "Rísì, sọ fún oníkẹ̀kẹ́ kó sọ ẹrù rẹ kalẹ̀."

Rísì gba fóònù tirẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó rántí. Táíwò gba tirẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé. Ti Kẹ́hìndé nìkan ló kù. Mo yọ bátìrì rẹ̀ kó má baà wú, mo sì ń retí ọjọ́ tó máa béèrè rẹ̀. Kò béèrè.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ojú mi kò rí súkúrúù dáadáa mọ́, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà tí mo kó ẹrù tán, mo mú agolo náà sọdá títì. Kẹ́hìndé ń gẹ irun lọ́wọ́. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà níwájú dígí, wọ́n ti fi rọ́bà so ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra. Mo gbé fóònù ńlá náà jáde, mo nù ún, mo nà án sí i.

"Mo ń lọ, n kò lè gbé ẹrù ẹlẹ́rù dání. Gba fóònù rẹ."

Ó wò ó, ó wò mí, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí oníbàárà.

"Fóònù ta ni, Àǹtí Sìdí?"

"Ti Kẹ́hìndé báábà. Ṣé ìwọ kọ́ ni?"

Ó tan kílípà padà.

"Rárá, mà. Mo ṣáà ti sọ fún yín nígbà yẹn. Kì í ṣe èmi ni."