Kíì Tí Kò Dún, àti Ìka Tí Wọ́n Dá Lẹ́bi

Káyọ̀dé Ṣótúndé ni orúkọ ẹni náà. Mo kọ ọ́ síwájú kó má baà sọ nù sáàárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi kí i. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tójú mi rí fún yín. Ẹ ó mọ̀ ọ́n dáadáa kí n tó dákẹ́.

Èmi ni mo kọ́ Káyọ̀dé ní dùrù. Ìyá rẹ̀ ló fà á wá sílé mi ní Kémta, nílùú Abẹ́òkúta, Káyọ̀dé sì ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ dùrù bí ẹni ń tọ́ ata wò. Mo kọ́ ọ ní dò-rè-mí. Mo kọ́ ọ pé jẹ́ẹ́jẹ́ ni ìka fi ń bá dùrù sọ̀rọ̀, torí dùrù kì í ṣe ìlẹ̀kùn, a kì í gbá a. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi èyí tó kẹ́yìn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Màmá Dùrù ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Nígbà tí dùrù àtijọ́ kú, ìjọ ra kíbọ́ọ̀dù ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní síńtẹ̀sáísà, tó lè ké bí fèrè, tó lè ké bí gìtá, tó sì lè kọrin bí ẹgbẹ́ akọrin tí kò sí níbẹ̀. Mo jókòó tì í, mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Àbí ta ló sọ pé àgbà kì í kọ́ nǹkan tuntun?

Nígbà tó yá, kíì kan nínú àwọn tí ìka ń tẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yan mí lódì. Èyí tí a ń pè ní A ni, láàárín gbùngbùn. Màá tẹ̀ ẹ́, kò ní dún. Orin ń lọ, ihò ń yọ nínú rẹ̀, bí eyín tó ká lẹ́nu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

Káyọ̀dé ti di ọ̀gá akọrin nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lójú ìgbìmọ̀ ìjọ, ó gbá a bí ẹni ń gúnyán. Gbogbo kíì ló dún! Ó yíjú sí wọn, ó ní ṣé wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn, ẹ̀rọ kò ní àìsàn kankan, ìka Màmá ló ti gbó. Ó ní ẹ jẹ́ kí Màmá lọ sinmi.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ṣé mo sọ fún ẹnì kan pé ó rẹ̀ mí ni?

Wọ́n ṣe ìdágbére fún mi. Wọ́n fún mi ní aago ògiri tí wọ́n tẹ àwòrán mi sí lójú. Aago náà kò lo oṣù méjì tó fi kú. Ó ṣì wà lára ògiri mi, àwòrán mi ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì.

Mo wá di ará ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé ohùn orin ti ń ga sí i. Àwọn obìnrin akọrin ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lẹ́sẹ̀. Bàbá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú mi pa ìwé orin rẹ̀ dé, ó ní òun kì í ṣe adìyẹ. Mo rò pé àṣà tuntun ni. Mo ní kí ni ó kàn mí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gba Káyọ̀dé gbọ́. Bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, màá ní Káyọ̀dé sọ bẹ́ẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá kọ̀ tí kò gba òwú, màá ní Káyọ̀dé sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, màá máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Ẹ̀yin ọmọ yìí jalè ni àbí ẹ ò jalè?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra irú ẹ̀rọ náà gan-an, láti ilé iṣẹ́ kan náà. Tuntun ni o, pẹ̀lú gáráǹtì ọdún méjì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìka mi ni tàbí wọ́n parọ́ mọ́ mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́ tí gbogbo rẹ̀ ń dún bí oyin ṣe ń dùn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ fi han ìgbìmọ̀ ìjọ.

Àfìgbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo rọra tẹ A, tí A kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tuntun, ìka àtijọ́, àìsàn kan náà. Ká ní ẹ̀yin ni, ta ni ẹ máa dá lẹ́bi?

Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ fún oníbàárà tó bá ní ìṣòro. Wọ́n ní kí n tẹ ení, mo tẹ ení. Wọ́n ní kí n tẹ èjì, mo tẹ èjì. Wọ́n wá fi orin sí i fún mi. Mo ṣa ẹ̀wà kóńgò kan tán, orin ṣì ń lọ. Mo dẹtí sí i dáadáa: kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, A tiwọn sì ń dún kedere níbẹ̀!

Ọmọbìnrin kan gbé e nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni ń pè mí wá síbi ìgbéyàwó. Ó béèrè bóyá mo ti pa ẹ̀rọ náà tí mo sì tún un tàn. Mo sọ fún un pé ní Kémta tiwa, èèyàn kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìyẹn, àwọn oníná ti bá mi pa á, wọ́n sì ti bá mi tàn án nígbà mẹ́rin láti àárọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n kọ̀wé sí mi lórí ímeèlì, wọ́n pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni. Mo dá wọn lóhùn pé obìnrin ni mí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni pé ó ṣe àlàyé.

Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí mi. Ẹ sọ fún mi, kí ni ọjọ́ ìbí mi fẹ́ ṣe fún kíì? Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí, n kì í fi àyè sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n ya fídíò ìka mi. Mo yà á. Wọ́n ní ọwọ́ mi bo kíì náà. Mo tún un yà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èsì dé. Wọ́n ní ẹnjiníà àwọn ti wo fídíò náà, ẹ̀rọ kò ní àbùkù, ó jọ pé ìka oníbàárà kò wọlé tán, àti pé ní ọjọ́ orí oníbàárà, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, wọ́n béèrè pé ìràwọ̀ mélòó ni mo fẹ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún mi. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni. N kò rí ìràwọ̀ kankan.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ náà, mo gbá A bí Káyọ̀dé ṣe ń gbá a. Ó dún! Ojú sì tì mí ju ìgbà tí kò dún lọ.

Mo bá pinnu láti tà á. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń jókòó nínú yàrá mi tó ń pè mí ní aláìwúlò ṣe?

Aláàdìrẹ ni ìyá mi ní Ìtòkú. Bí aró bá ya wọ ibi tó yẹ kó funfun lára aṣọ, màmá kì í ká ibẹ̀ sínú. Ibẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ tú han oníbàárà kí wọ́n tó dúnàádúrà. A máa ní, “Ojú rẹ ti rí i, ẹnu mi ti sọ ọ́, ó kù sọ́wọ́ rẹ.” Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ náà sí ojú ìwé táwọn ará Abẹ́òkúta ti ń ta àlòkù lórí fóònù, ohun tí mo kọ rèé: “Kíbọ́ọ̀dù àlòkù. Kíì kan láàárín kì í dún bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni tàbí èmi. Ẹ wá wò ó kí ẹ tó sọ iye.”

Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹnì kan ní òun kò rí ọlọ́jà tó ń bú ọjà ara rẹ̀ rí. Ẹlòmíì béèrè bóyá ìka náà wà lára ohun tí mo ń tà.

Ọjọ́ kẹta ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ohùn Ìbùkún kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ránṣẹ́ sí mi: “Ṣé A ni?”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. N kò kọ A síbì kankan. Mo dáhùn pé A ni, mo sì béèrè bó ṣe mọ̀. Ó kàn béèrè bóyá àwọn kíì yòókù pé. Mo ní wọ́n pé. Ó ní òun ń bọ̀ wá rà á.

N kì í gba àjèjì sílé, nítorí náà mo ní kó wá bá mi ní ìsọ̀ àbúrò mi ní Ìtòkú. Àlájà ni gbogbo ọjà ń pe àbúrò mi, òun ló jogún iṣẹ́ màmá. A gbé ẹ̀rọ náà lé orí òkìtì aṣọ, a fi àdìrẹ bò ó, a fa wáyà láti ọ̀dọ̀ aránṣọ tó múlé tì wá, a sì ń retí Ohùn Ìbùkún.

Ta ló yọ? Káyọ̀dé Ṣótúndé! Ó dé fìlà dé ìpéǹpéjú, ó wọ awò dúdú. Ó rí mi, ó sì dúró gbagidi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

“Ẹ... ẹ kú ọjà, Màmá Dùrù.”

“Ìwọ ni Ohùn Ìbùkún?”

Àlájà gbójú sókè. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta nìyí?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Òun ló ní ìka mi ti gbó.”

“Òun náà rèé? Háà! Ọmọ mi, jókòó o. Ìdúró kò yẹ adájọ́.”

Mo ṣe bí màmá mi ṣe máa ń ṣe. Mo ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ náà, mo gbé ìka mi lé A. Mo ní, “Àbùkù rẹ̀ rèé. Tẹ̀ ẹ́ kí o tó sọ iye.”

Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Rárá o. Tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Jẹ́ẹ́jẹ́.”

Ó rọra tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún un tẹ̀. Kò dún. Àwọn obìnrin tó ń fi kùmọ̀ lu aṣọ lẹ́yìn ìsọ̀ dáwọ́ dúró, gbogbo wọn ń wo ìka rẹ̀.

Àlájà fọwọ́ lérán. “Ọmọ mi, ẹni ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́tàlélógójì, mà.”

“Yéè! Ìka tìẹ mà tètè gbó! Ẹ bá wa wá aago ògiri o!”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti gbọ́ ọ ní Kútọ̀ lọ́hùn-ún.

Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá béèrè bó ṣe mọ̀ pé A ni. Ó bọ́ awò rẹ̀. Ó ní kò pẹ́ tí mo kúrò tí A ti ṣọ́ọ̀ṣì fi kú pátápátá, bí òun tilẹ̀ gbá a kò dún mọ́. Ó ní òun náà pe ilé iṣẹ́ ọ̀hún, wọ́n sì ní kí òun máa tẹ̀ ẹ́ gidigidi, bóyá ó rẹ òun ni. Òun kò sì lè sọ fún ìgbìmọ̀ ìjọ, lẹ́yìn tí òun ti dúró níwájú wọn pé ẹ̀rọ kò ní àìsàn. Ló bá gbé gbogbo orin sókè díẹ̀, torí pé bí orin bá ti gòkè bẹ́ẹ̀, àwọn kíì mìíràn ni òun yóò máa tẹ̀, ìka òun kò ní í dé orí A mọ́. Ní báyìí kíì méjì mìíràn ti kú, kò síbi tí òun fẹ́ sá sí mọ́. Ẹ̀rọ tó ní àbùkù kan sàn ju èyí tó ní mẹ́ta.

Háà! Gbogbo igbe tí mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì! Gbogbo ohùn tó há mọ́ ọ̀fun! Nítorí kíì kan ṣoṣo tí ọkùnrin kan kò fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀!

“Nítorí náà, ó ti lé lọ́dún kan tí o ti mọ̀ pé kì í ṣe ìka mi?”

Ó ń wo àdìrẹ tó wà nílẹ̀ bí ẹni fẹ́ rà á.

Mo ta ẹ̀rọ náà fún un. Ẹ̀rọ tó bá Káyọ̀dé jẹ́rìí èké mọ́ mi, ilé Káyọ̀dé ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní kò ní í gbé e kúrò ní Ìtòkú títí yóò fi la ẹnu sọ ọ́ níwájú Àlájà àti àwọn obìnrin wọ̀nyẹn pé ta ló jẹ̀bi, ẹ̀rọ ni àbí ìka.

Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: bí wọ́n bá ní o ti gbó, má tíì dáhùn. Jẹ́ kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jókòó síbi tí o jókòó sí, kó sì rọra tẹ ohun tí ìwọ náà tẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti di àbùkù ẹ̀rọ lé yín lórí? Ilé iṣẹ́ wo ló ti pe ìyá yín ní Ọ̀gbẹ́ni? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, orúkọ àti gbogbo rẹ̀, mo ní àyè láti kà á. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ sinmi kì í sáà níṣẹ́ mìíràn.

Káyọ̀dé sì sọ ọ́, ẹ̀rọ náà ti wà lórí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò:

“Màmá, ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, kì í ṣe ìka yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, kó má dé etí ìjọ o, torí mo ti sọ fún wọn pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ní ká máa gbé orin sókè.”