Ọmọ Tí Mo Fún Lọ́mú ní Niger Street

Ní Sabon Gari, yàrá wa àti ti oníṣòwò aṣọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjú síra wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni wá, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ réluwéè. Ìyàwó oníṣòwò náà bímọ obìnrin, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọkùnrin tèmi ṣì ń mu ọmú nígbà náà. N kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé ọmọ náà, mo fi ọmú sí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lágboolé. Àwọn kan ní kí n ṣọ́ra fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá fún un ní ọmú tiwọn kí n sinmi. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ọmọ náà sanra, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, kí tiránsífà ọkọ mi tó dé. Gusau ni wọ́n ní ká máa lọ, kíákíá.

Mo lọ bá bàbá ọmọ. “Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ. Tó bá ti ń rìn, ẹ ó wá gbà á.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wallahi, òun nìkan ni mo fi ń rí ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé madara, wàrà màlúù, wá láràárọ̀. A ó máa sè é fún un.”

“Màlúù kọ́ ló bí i!” Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé jáde.

Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, mo fún un lọ́mú títí ó fi sùn, mo sì gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ní Gusau, ọmú mi wú, ó ń ro mí. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń fún wàrà rẹ̀ dà nù, tẹkúntẹkún, tìbínútìbínú.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ gbuuru ni, ó ti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí.”

Mo fà á dìde. Mo ní Ọlọ́run ló fún ni, Òun náà ló gbà á. Mo gbé oúnjẹ fún un, mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó ń dúpẹ́ títí ọkọ̀ fi ṣí.

Òun náà ti kú báyìí. N kò tíì dárí jì í.