Ilé Ìwé Mẹ́ta, Ọmọ Kan

Òórùn iṣu tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bọ̀ tí wọ́n sì sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé ní Ṣakí. Ọyẹ́ ń jà. Ètè mi ti là, Ìyá Àgbà sì fi òrí pa mí láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ títí mo fi ń dán bí ìkòkò tuntun. Mo gbé síléètì há abíyá, ó di ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ṣùgbọ́n kíláàsì kìn-ín-ní ni wọ́n fi mí sí, láàárín àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pa eyín dà. Bẹ́ǹṣì náà kéré débi pé orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ jókòó lórí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe máa ń gé ni nídìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹ̀yin nígbà tí ẹ jókòó síbẹ̀. Èmi, ẹnu ara mi ni mo fi gbé ara mi débẹ̀.

Ọmọ Ṣakí ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Àbíjáǹ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá ń ta táyà àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ nínú ọjà níbẹ̀, ìyá mi sì ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwọn. Ilé ìwé ìjọba tó wà lẹ́yìn ọjà ni mò ń lọ, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wa. A ń sọ Yorùbá nílé o, àmọ́ Yorùbá tèmi ti ń tiro.

Ọdún kan tí a wá ṣe Iléyá ní Ṣakí ni àṣírí tú. Mo dúró gbọnrangandan níwájú Ìyá Àgbà, mo fi Faransé kí wọn, mo ní, "Bọ́ńjúù!"

Ìyá Àgbà wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀. "Mo ti bọ́jú láti ìdájí," ni wọ́n fèsì. "Ìwọ Sífáwù ni kó o lọ bọ́jú, kó o tún padà wá kúnlẹ̀ kí mi."

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Bàbá wọ yàrá lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilé ìwé tí èmi Sífáwù yóò lọ ti di ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè sọ kó tán.

Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dá mi padà sí Ṣakí, nítorí pé ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń kí ni nílé baba rẹ̀, àlejò ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi ní àwọn ò lè mú ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún àwọn kí wọ́n wá fi ránṣẹ́ bí ẹrù. Ilé ìwé Faransé kò burú, àwọn ni yóò fi ọwọ́ ara àwọn kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀. Bàbá ní tiwọn lọ́tọ̀. Wọ́n ti gbọ́ nípa ilé ìwé kan ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí àwọn ọmọ òyìnbó àti ọmọ àwọn aṣojú ìjọba ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Íńtánáṣánà ni wọ́n ń pè é. Bàbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe pè é lánàá kọ́ ni wọ́n máa pè é lónìí. "Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó padà sílé," ni wọ́n máa ń sọ, "Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ ọba nílé." Wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ wọn dé e lórí: "Ẹni tó bá gbọ́ èdè méjì, ọjà méjì ló ń ná."

Ìwé kẹta ni Bàbá kà dé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò sọ fún ọ̀gá ilé ìwé náà. Bí wọ́n bá ń fọ eyín, wọ́n ń sọ ọ́, bí wọ́n bá ń lu ríìmù kẹ̀kẹ́, wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n yá kóòtù lọ́wọ́ ọkùnrin Ìgbòho kan tó jẹ́ aládùúgbò wa. Ọkùnrin náà ga bí ọ̀pẹ, Bàbá kò sì ga. Nígbà tí kóòtù náà wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ṣóńṣó ìka wọn nìkan la ń rí.

Òyìnbó obìnrin ni ọ̀gá ilé ìwé náà. Awò ojú rẹ̀ so mọ́ ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín lọ́rùn rẹ̀. Bàbá kí i dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Obìnrin náà wá béèrè ohun kan, mo ti wá mọ̀ báyìí pé irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni. Bàbá rò pé ó tún ń kí àwọn ni, wọ́n bá tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó rọra tún ìbéèrè náà bi. Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ni obìnrin náà bá kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ tábìlì, ó yíjú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé.

Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé òun máa gbà mí. Ṣùgbọ́n nítorí pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, màá bá àwọn ọmọ ọdún márùn-ún jókòó fún ọdún kan.

Mo yọjú wo ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ náà nìyẹn lórí iyanrìn, tí wọ́n so nǹkan mọ́ ọrùn wọn kí itọ́ má baà ba aṣọ wọn jẹ́. Mo tún wo Bàbá, mo wo apá kóòtù yẹn. Mo ní, "Bàbá, ó ní àyè ti kún."

Bàbá wò mí pẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́, wọ́n na ọwọ́ sí obìnrin náà lẹ́ẹ̀kẹrin, a sì jáde. Mo ń gbọ́ tó ń pè wá láti ẹ̀yìn, àmọ́ ẹsẹ̀ ni mo yára gbé.

Mo ti ṣírò rẹ̀ pé bí íńtánáṣánà bá ti bọ́ lọ, ilé ìwé wa ẹ̀yìn ọjà náà ni màá padà sí, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi. N kò mọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó ìyá mi létí: "Íńtánáṣánà ti kún. Ṣakí ò kún rí." Ìyá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọbẹ̀ tó sì ń dé iwájú Bàbá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò níyọ̀ nínú. Láàárọ̀ tí mo fẹ́ lọ, ìyá mi di àkàrà fún mi ní gáréèjì, wọ́n tún tú u, wọ́n tún un dì, bẹ́ẹ̀ ni omi ń bọ́ lójú wọn. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nígbà náà. Àkàrà ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, mo sì wọ ọkọ̀.

Bí mo ṣe dé orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké nìyẹn, nítorí n kò lè ka Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo sá fún ní Àbíjáǹ ti gba ẹ̀yìn ṣáájú mi dé Ṣakí. "Bọ́jú" ni àwọn ọmọ ń pè mí. Bí mo bá ń ṣe ìṣirò, mo máa ń fi Faransé kà á lábẹ́ ètè, ni ọmọ tó jókòó tì mí bá lọ sọ fún tíṣà pé mò ń pọfọ̀ nídìí ìṣirò, pé òun sì ni mò ń pè é sí. Tíṣà wa, Mísíìsì Àkànmú, wá dúró tì mí, wọ́n tẹ́tí sí "ọfọ̀" náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dá mi dúró lẹ́yìn ilé ìwé, tí wọ́n ń kọ́ mi ní àmì ohùn àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi gígùn, kíláàsì kẹta ni mo bá ara mi.

Nínú ààwẹ̀ ọdún náà ni àlùfáà iléékéwú wa sọ pé irọ́ máa ń jẹ ààwẹ̀ ẹni bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí Bàbá àti ìyá mi wálé fún Iléyá, mo kúnlẹ̀ kí wọn, ìyá mi gbá mi mọ́ra títí gèlè mi fi tú. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sí oko lọ́nà ìlú Ìràwọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lábẹ́ igi òrí, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa. Àyè ò kún."

Bàbá kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ta táyà ní Àbíjáǹ. Ṣé Yorùbá ni mo fi ń tà á fún wọn?"

Ẹ ò rí i pé mo gọ̀! Gbogbo bí mo ṣe gbọ́n tó, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé Faransé tí Bàbá fi ń nájà ni òyìnbó obìnrin yẹn sọ lójú wọn.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Wọ́n jókòó. "Mo wo ojú rẹ. Mo rí i pé ojú mi ń tì ọ́. Mo wá rò ó pé, bí ojú bàbá bá ti ń ti ọmọ níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ló máa ṣẹ́ kù tó bá fi lò tó ọdún mẹ́fà?" Wọn ò bínú. Wọ́n tún ní, "Kóòtù yẹn náà tóbi jù."

Èmi náà wá di ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn odi. Nígbà tí ọmọ mi, Àríkẹ́, pé ọdún mẹ́sàn-án nílùú Òyìnbó, ilé ìwé mẹ́ta ni mo wò fún un, mo ka ìwé nípa wọn tán pátápátá. Mo mú un lọ sí èyí tó wù mí jù. Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa fún ọ̀gá ilé ìwé, n kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àárín ọ̀rọ̀ ni mo rí i tí Àríkẹ́ sorí kọ́, tó ń fi bàtà kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Mo dìde, mo ní a máa padà wá, mo sì fà á jáde.

Mo tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Àríkẹ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ojú mi ń tì ọ́ ni?"

"Rárá, Mọ́mì," ló wí. "Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí."

Bàbá tó kàwé dé ìwé kẹta rí ìtìjú níbi tí mo gbé e pamọ́ sí. Èmi tí mo gbọ́ èdè mẹ́ta, tí mo sì kàwé jáde ní yunifásítì, ìtọ̀ lásán ni mo ń wò tí n kò mọ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, a sáré padà wọlé lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé náà kó júwe ilé ìtọ̀ fún wa.